Oògùn Tí Wọ́n Fòfin Dè ní Rotterdam

Rotterdam, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, ọdún 1975

Bàbá mi, Philippe Ògúnsanwó,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìdálẹ̀, mo sì kí Màmá mi Pauline. Ṣé ẹ wà dáadáa? Ṣé orúnkún tó ń ro yín ti rọlẹ̀? Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ láti oṣù Kẹwàá, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ fi dáhùn, ìdajì rẹ̀ ló sì jẹ́ ìbéèrè pé ṣé mò ń wọ aṣọ tó nípọn. Mò ń wọ̀ ọ́, Bàbá. Tí ẹ bá rí mi lójú títì, ẹ ó rò pé àpò àgbàdo ló ń rìn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ geerege. Mo ti kúrò ní ilé àwọn Sístà ìjọ Kátólíìkì, mo ti gba yàrá lọ́dọ̀ opó kan tó ń jẹ́ Élisabeth. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ọkọ rẹ̀ tó kú ló ń ṣe búrẹ́dì tà. Màmá ni mò ń pè é, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Gérard, tó ń wa bọ́ọ̀sì. Ní ọdún tó kọjá ni ọlọ́pàá bá oògùn díẹ̀ lápò rẹ̀, oògùn tí òfin ibí dè. Oṣù mẹ́jọ ló lò ní ẹ̀wọ̀n. Ó ti jáde báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ilé ló ń jókòó sí, tó ń wo ògiri.

Láti ìgbà náà ni Màmá Élisabeth ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí La Haye, níbi tí ilé aṣòfin wà, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá jẹ́ aṣòfin tó bá ń kọjá, á dì í mú lápá, á ní, “Ẹ fagi lé òfin tó de oògùn. Ẹ má fi ọmọ wa sẹ́wọ̀n mọ́.” Ó máa ń gbé kéèkì dání fún wọn. Àwọn míì ń gba kéèkì náà, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Èmi náà máa ń bá a lọ tí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn dókítà méjì àti àwọn òbí mélòó kan wà pẹ̀lú wa.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú àdúrà. Kí ẹ sì tètè fèsì.

Ọmọ yín,
Dorothée Dúpẹ́


Akparé, ọjọ́ kejì Àjíǹde, ọdún 1975

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, kí ara rẹ le bí ara tiwa. Ìyá rẹ ní kí n ka lẹ́tà rẹ fún òun lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di ìkẹta, òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà ṣíwájú mi. Nípa pé n kì í tètè fèsì, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kí o bá wí.

Ọ̀rọ̀ oògùn tí o sọ yẹn ká mi lára gan-an. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti gún àwọn ọmọ Akparé lábẹ́rẹ́, mo ti gún àwọn ọmọ tí wọ́n bí, n kò sì gbọ́ ọ rí pé ìjọba kan fòfin de oògùn. Kí ni wọ́n wá ń fi tọ́jú aláìsàn? Ṣé wọ́n kàn ń wò ó ni? Mo ti máa ń sọ pé Òyìnbó mọ̀wé, ṣùgbọ́n èyí rú mi lójú. Ìyá rẹ ní bóyá òtútù ló kọlù wọ́n lórí. Kí wọ́n wá fi ọmọ opó sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ nítorí pé ó ní oògùn lápò! Èmi ìbá ti kú sẹ́wọ̀n nìyẹn, nítorí àpò mi kì í ṣófo.

N kò lè jókòó. Mo mú bébà, mo kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin Holland ní èdè Faransé tó mọ́gbọ́n dání. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ẹ má fi ẹ̀wọ̀n kún àìsàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì láìbẹ̀rù.” Mo kà á sétí àwọn èèyàn lẹ́yìn ìsìn Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo kà á fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì náà, mo sì gbé e lọ sí ọjà Atakpamé. Inú bí gbogbo wọn. Bàbárímisá tó ń ta egbòogi, tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan, sọ pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í de oògùn ní ilẹ̀ Òyìnbó, kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ òun. Òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ka sí ìwé náà dípò ìbuwọ́lùwé. Ọlọ́pàá jàǹdáàmù kan dá mi dúró, ó ní ṣé ìjọba wa là ń bá jà. Mo ní rárá o, ti Holland ni. Ó ka ìwé náà látòkè délẹ̀, ó ní orí ti ń fọ́ òun láti àná, ló bá tẹ̀ka.

Àpapọ̀ wọn jẹ́ igba àti mẹ́rìnlá. Sístà Angèle ti ìjọ wa, tó ń lọ lo ìsinmi ní Holland, ni mo fi rán. Mo di nífákíìnì tó jẹ́ oògùn ibà mọ́ ọn, igba hóró, fún Màmá Élisabeth àti ọmọ rẹ̀. Mo ní kí Sístà tọ́jú rẹ̀ sínú báágì tí ìwé àdúrà wà, torí n kò mọ bí àwọn aṣọ́bodè yín ṣe le tó. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní súwíìtì ni.

Bàbá rẹ,
Philippe Ògúnsanwó


Rotterdam, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà, ọdún 1975

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo sì kí gbogbo ẹni tó tẹ̀ka. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Sístà Angèle gbé ẹrù náà wá. Orúkọ Màmá Élisabeth ló wà lára rẹ̀, nítorí náà ó tú u. Ó gbọ́ Faransé díẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó sí tábìlì, ó ń fi ìka tirẹ̀ wọn ìka àwọn ará Akparé lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, “Àwọn tí kò mọ̀ mí rí.” Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n tó jí, ó ti gbé ìwé náà lọ sí La Haye. Obìnrin aṣòfin kan gbà á, ó sì ka ọ̀rọ̀ yín nípa ẹ̀wọ̀n àti àìsàn sétí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó tíì bá àwọn sọ ọ́ báyẹn.

Bàbá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Oògùn tí mo kọ sí yín kì í ṣe oògùn ibà, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Wọn kò fòfin de ìyẹn, ilé ìwòsàn ibí kún fún un. Igbó ni. Igbó tí wọ́n ń mu. Òun ni wọ́n bá lápò Gérard, kò sì kún àtẹ́lẹwọ́. Ojú ló tì mí láti kọ orúkọ rẹ̀ sí yín, ni mo fi kọ oògùn, mo rò pé yóò yé yín. Ẹ̀bi mi ni. N kì í mu ún. N kò mu ún rí. Mo bá Màmá Élisabeth lọ nítorí pé mo rí ohun tí ẹ̀wọ̀n sọ ọmọ rẹ̀ dà, igbó tó mu kò ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, ẹ̀wọ̀n náà ló ṣe é.

Àmọ́ àwọn èèyàn wa kò tẹ̀ka sí ti igbó. Mo ti sọ òtítọ́ fún Màmá Élisabeth. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú, lẹ́yìn náà ó ní, “Tí bàbá rẹ bá ní ká gbà á padà, èmi fúnra mi ni màá lọ gbà á.” Lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jíròrò òfin náà. Nítorí náà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún mi. Ohun tí ẹ bá ní ká ṣe la ó ṣe.

Nífákíìnì yín wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Gérard kò ní ibà, ṣùgbọ́n ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Dúpẹ́


Rotterdam, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1975

Bàbá mi,

Mo kí yín. Oṣù mẹ́ta ààbọ̀ ti kọjá, n kò gbúròó yín. Sístà Angèle ti padà dé Atakpamé, ó kọ̀wé sí mi pé òun rí yín ní Máàsì, ẹ kí òun, ẹ kò dárúkọ mi.

Tí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Màá kà á. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń bínú, ẹ máa ń bọ jígí ojú yín, ẹ máa ń nù ún títí. Tí ẹ bá sì rò pé ọmọ yín ti di amugbó, ẹ bi mí, kí n tún dá yín lóhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni n kò mọ bí màá ṣe bá a sọ̀rọ̀.

Gérard ti ń jáde sí ọgbà báyìí. Ó gbin ewébẹ̀. Màmá Élisabeth ń béèrè yín lójoojúmọ́, ó ní, “Bàbá oníwèé ńkọ́?” Mo ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fà á.

Dúpẹ́


Akparé, ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, ọdún 1975

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Èmi Pauline ìyá rẹ ni. Tíṣà Ignace ló ń bá mi kọ ọ́, ó sì ti búra pé ohun tí mo bá sọ gan-an lòun máa kọ.

Bàbá rẹ kò ṣàìsàn. Ó ń jẹun. Nígbà tó ka lẹ́tà rẹ, mo rò pé yóò pariwo, mo ti ń múra sílẹ̀. Kò pariwo. Ó jáde, ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí ọ̀sán fi lọ tán. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí ìkejì, òun àti orúnkún rẹ̀. Mo bi í, ó ní, “Mò ń tún nǹkan tí mo bàjẹ́ ṣe.” Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Moretan. Mo mọ ẹni tó wà ní Moretan. Mo ti ń retí kó lọ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Òun ni kó sọ ọ́ fún ọ, kì í ṣe èmi.

Kì í ṣe ìwọ ló ń bínú sí. Máa jẹun. Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn èèyàn ibẹ̀ ń jẹ ẹja tútù láìsè é? Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Má jẹ ẹ́.

Ìyá rẹ


Akparé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá, ọdún 1975

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Màmá Élisabeth, mo kí Gérard àti ewébẹ̀ rẹ̀. Má bínú pé mo dákẹ́. N kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ṣé o rántí àbúrò mi Maurice, tó dé láti Kumasi nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? Òun ló máa ń kọrin lóko títí àwọn tó wà ní oko kejì á fi máa gbè é. Lọ́jọ́ kan o kò rí i mọ́, o bi mí, mo ní ó ti padà sí Gánà. Irọ́ ni mo pa. Maurice ń mu igbó. Tó bá ti oko dé, á jókòó sẹ́yìn ilé, á mu ún, á rẹ́rìn-ín, á sùn. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èmi nọ́ọ̀sì, ojú ń tì mí. Mo lọ bá àwọn jàǹdáàmù fúnra mi. Mo ní, “Ẹ wá mú un, ẹ bá mi tọ́ ọ.” Mo rò pé ọjọ́ mélòó kan ni. Ọdún méjì ni. Nígbà tó jáde, ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lára, eyín rẹ̀ mẹ́ta ti kán. Kò gba ilé wa kọjá. Moretan ló lọ tààrà, a kò sì ríra mọ́.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, tí mo dé ibi tí o ti sọ pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ mi sétí àwọn aṣòfin, ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Èmi tí mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má fi ẹ̀wọ̀n kún àìsàn ẹnikẹ́ni.

Mo kọ́kọ́ lọ bá gbogbo àwọn tó tẹ̀ka, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ òtítọ́ fún wọn. Jàǹdáàmù ló kọ́kọ́ yọ orúkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀ mí kí n má sọ pé ó wà níbẹ̀ rí. Àwọn mìíràn bú mi. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin bi mí pé, “Ṣé ẹ ṣì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n tọ́jú èèyàn dípò ẹ̀wọ̀n?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ohun tí a tẹ̀ka sí náà nìyẹn.” Bàbárímisá ní òun ti mọ igbó kí wọ́n tó bí mi, ìka òun kò kúrò níbẹ̀. Àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta yọ ara wọn. Ó ku mẹ́tàléláàádọ́jọ.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Moretan. Mo bá Maurice níbi tó ti ń kọ ebè. Ó wò mí, ó ní, “Ta ló kú?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kú.”

“Kí lo wá ṣe nígbà náà?”

“Mo wá ka lẹ́tà kan fún ọ.”

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ àti tèmi fún un. Nígbà tí mo dé ibi nífákíìnì inú báágì Sístà, ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó rẹ̀ Geneviève sá jáde láti wá wò ó. Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán, ó bi mí pé, “Nígbà tí mo wà lẹ́wọ̀n, ẹ̀ẹ̀melòó lo wá wò mí?”

Mo ní, “N kò wá.”

Ó ní, “Ó dára tí o mọ̀ ọ́n.” Ó wá ní kí Geneviève bu omi fún mi.

Mo bi í bóyá ó ṣì ń mu ún. Ó ní òun ti fi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n ló jẹ́ kóun fi sílẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n gan-an lòun ti mu ún jù. Geneviève ló ní òun kò fẹ́ òórùn rẹ̀ nínú yàrá òun.

Mo fi ìwé tuntun ránṣẹ́ sínú lẹ́tà yìí. Kí Màmá Élisabeth gba ti àtijọ́ padà, kó fi èyí rọ́pò rẹ̀. Mo kọ igbó síbẹ̀ gbangba, àwọn tó kù sì tún tẹ̀ka sí i. Maurice ló kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá, ó sì ní kí n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun ni wọ́n mú. Mo kọ orúkọ mi sí abẹ́ tirẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n mú un.

Bàbá rẹ,
Philippe


Rotterdam, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọdún 1976

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ̀yin àti Màmá. Lẹ́tà tí mo kọ ní oṣù Kejì kúrú nítorí pé ẹkún ló wà lẹ́nu mi. Èyí yóò gùn.

Àwọn aṣòfin ti dìbò lóṣù tó kọjá. Wọn kò fagi lé òfin náà pátápátá bí a ṣe fẹ́. Àwọn tó ń tà á ní ọ̀pọ̀ yanturu, ìyà wọn tilẹ̀ le sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá bá díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, igbó tí yóò mu fúnra rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni wọ́n kà á sí báyìí. Ọ̀ràn Gérard, tó bá jẹ́ òní ló ṣẹlẹ̀, kò ní gbé e lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ.

Obìnrin aṣòfin yẹn sọ fún wa pé ìwé kejì ṣiṣẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní òun ka orúkọ méjì tó wà lókè àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún ọkùnrin kan tó ti ń kọ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó tún un kà. N kò mọ̀ bóyá ó dìbò fún wa. Ó kàn sọ pé òun náà ní àbúrò.

Lọ́jọ́ náà, Màmá Élisabeth jókòó síbi àwọn òǹwòran pẹ̀lú kéèkì lórí itan rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì, ó bi mí pé, “Ṣé a borí ni àbí a ò borí?” Mo ní a borí ní ìdajì. Ó gé kéèkì náà sí méjì, ó fún ẹ̀ṣọ́ tó máa ń lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní ìdajì kan, ó gbé ìyókù wálé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó tún wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó ní ìdajì kejì ṣì wà lọ́hùn-ún.

Gérard ti ríṣẹ́. Ó ń fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì káàkiri fún ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ náà kéré, ó ní ó dà bí ẹni pé òun wọ bàtà ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ń súfèé tó bá ń jáde láàárọ̀.

Àbúrò yín ńkọ́? Ẹ kọ nípa rẹ̀ fún mi, ẹ má dúró títí oṣù mẹ́fà.

Ọmọ yín,
Dúpẹ́


Akparé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ, ọdún 1976

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa. Wo bí mo ṣe tètè fèsì. Jẹ́ kí ìyẹn wọ àkọsílẹ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ sétí àwọn èèyàn lẹ́yìn Máàsì. Nígbà tí mo dé ibi tí òfin ti yí padà, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé Akparé ló ní Holland. Mẹ́tàlá nínú àwọn tó yọ ara wọn wá bá mi pé ṣé àwọn ṣì lè padà. Jàǹdáàmù kò wá, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi lójú ọ̀nà.

Isu tuntun ti jáde. Mo ránṣẹ́ sí Maurice pé kó wá jẹ ẹ́ pẹ̀lú wa, n kò sì retí pé yóò wá. Ó wá. Òun, Geneviève àti àwọn ọmọ wọn méjì tí n kò fojú kàn rí, ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ lánàá. Ìyá rẹ dì mọ́ ọn, kò fi í sílẹ̀, a ní kó jẹ́ kó jókòó. Èmi dìde níwájú gbogbo wọn, mo ní, “Maurice, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo fà ọ́ lé wọn lọ́wọ́, n kò sì wá wò ọ́.” Orúnkún mi kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀, mo sì di àga mú. Ó wò mí, ó ní isu ń tutù.

Láàárọ̀ yìí ó bá mi lọ sí oko. Ó ní ebè mi kò dúró dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ. Ó kọrin. Kò lè pẹ́ nítorí ikọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbè é láti oko kejì.

Ó ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún òun nísàlẹ̀ ìwé yìí. Mo fi ìlà mélòó kan sílẹ̀ fún un.

Bàbá rẹ,
Philippe


Dúpẹ́, èmi Maurice ni. Mo kí ọ, mo kí ìyá oníkéèkì. Bàbá rẹ ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò mọ ebè kọ síbẹ̀síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fẹ́ lò níbí, ó dà bíi pé a ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti dárí jì í láti ìgbà tó ti wá sí Moretan, n kò tíì sọ fún un ni. Ó dúró sẹ́yìn mi báyìí, ó ti bọ jígí rẹ̀, ó ń nù ún, kó lè rí ohun tí mò ń kọ.